Orúkọ Tí Kessner Gbẹ́ Kúrò

Ní ìlú Eschenroda, bí àlejò bá ní òun ń wá Traugott Kessner, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló bàjẹ́ nílé rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Kessner. Baba rẹ̀ gbẹ́nà, baba baba rẹ̀ ló sì fi igi líńdẹ̀n gbẹ́ pẹpẹ ìjọ ìlú náà, pẹ̀lú àwọn áńgẹ́lì onírun wíwé àti èso àjàrà tí ẹyẹ tó bá ṣèèṣì gba ojú fèrèsé wọlé máa ń fi ẹnu ṣá. Lókè pátápátá lórí pẹpẹ náà ni oòrùn aláwọ̀ wúrà kan wà, àárín oòrùn yẹn ni wọ́n sì gbẹ́ lẹ́tà Hébérù mẹ́rin sí. Kò sí Kessner kankan tó lè kà á. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni Traugott ti mọ̀ pé Orúkọ Ọlọ́run ni. Lẹ́tà kejì àti ìkẹrin jọ ara wọn bí ìbejì. Lójú rẹ̀, wọ́n dà bí ilé kékeré tí ẹnìkan gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ìwàásù bá gùn jù, inú ilé yẹn ni ọkàn rẹ̀ máa ń sá wọ̀.

Ní ọdún 1939, lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé Pẹ́ńtíkọ́sì, Pásítọ̀ Bollmann wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lórí àpótí kan, ó sì jókòó.

"Ọ̀gá Kessner, iṣẹ́ kékeré kan ni mo gbé wá. Àwọn aláṣẹ ìjọ ti kọ̀wé. Wọ́n ní ìjọ ọmọ Jámánì ò gbọdọ̀ ní ohun Júù kankan nínú mọ́. A máa pààrọ̀ ìwé orin. Kò ní sí Síónì, kò ní sí Hallelúyà. Àwọn lẹ́tà tó wà lókè pẹpẹ yẹn náà gbọ́dọ̀ kúrò."

Kessner fi òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èyí tó wà nínú oòrùn?"

"Òun gan-an."

"Mo ṣe bí orúkọ Ọlọ́run ni, Pásítọ̀."

"Orúkọ Ọlọ́run àwọn Júù ni."

"Háà. Ọlọ́run mélòó ló wá wà?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò bá ẹnu rẹ̀ rín in. "Ẹ máa ṣe iṣẹ́ igi yín, ẹ jẹ́ kí n máa ṣe iṣẹ́ ìwé tèmi. Gbogbo ìtàn àgùntàn òun ràkúnmí yẹn, Jésù ti fòpin sí i." Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. "Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ń wo ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ láyé ìsinyìí."

Kessner kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó kàn fẹ́ kí ilé òun tòrò ni, irú wọn ló sì pọ̀ jù nílùú. Nígbà tó dé ìdí oúnjẹ ọ̀sán, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Ottilie, ohun tí wọ́n gbé fún un ṣe. Ó ní, "Igi lásán ni, Ìyá Lore."

Ottilie ń bu ọ̀dùnkún sínú àwo. Kò gbójú sókè. "Bó bá jẹ́ igi lásán ni, kí ló wá dé tí wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀?"

Kessner fa àwo rẹ̀ sọ́dọ̀. Ó jẹun, ó sì pọ́n irin ìgbẹ́nà rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ó ti wà lórí àkàsọ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan oòrùn wúrà náà, nígbà tó gbọ́ ìró ọ̀pá lórí òkúta ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ní láti wẹ̀yìn kó tó mọ ẹni tí ń bọ̀. Henriette Sachse ni, opó tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Tísà nítorí pé ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni ọ̀gá ilé ìwé wọn. Ilé Júù ni wọ́n bí i sí, ní ìlú mìíràn. Baba rẹ̀ ló ń ṣáájú orin nínú sínágọ́gù ibẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ó ṣèrìbọmi, ó fẹ́ Tísà Sachse, baba rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó kú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ Eschenroda ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó kọ́ Lore, ọmọ kan ṣoṣo tí Kessner bí. Nígbà tí àrùn ọ̀fun gbé ọmọ náà dè lọ́dún kẹsàn-án rẹ̀, òun ló jókòó tì í tí ó ń ka orin Dáfídì fún un, tó sì ń kà á lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ náà ti dákẹ́, kí ìyá rẹ̀ má baà tètè mọ̀.

"Kessner! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ o, ẹ ti dàgbà ju ẹni tí ń gun àkàsọ̀ lọ."

"Ìyá Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Mo lè já bọ́."

"Kò burú. Bí ẹ bá já bọ́, iṣẹ́ á dúró." Ó jókòó sórí àga iwájú, ó gbé ọ̀pá lé orúnkún. "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbẹ́ kúrò?"

"Wọ́n ní orúkọ Ọlọ́run àwọn Júù ni."

"Ta ló ní?"

"Pásítọ̀."

"Pásítọ̀ kọ́ èdè Hébérù ní yunifásítì. Ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ mi. Bàbá mi kì í pe orúkọ yẹn. Bó bá kàn án nínú ìwé, 'Olúwa' ló máa ń fi rọ́pò rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ Sachse tí mo débí, lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, mo gbójú sókè, mo sì rí i níbẹ̀ yẹn. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, ah, mi ò tí ì kúrò nílé. Yàrá mìíràn nínú ilé bàbá mi ni mo bọ́ sí."

Kessner fi irin sí eteetí igi náà, ó gbá a jẹ́jẹ́. Igi náà dún.

"Ìwé wo lẹ rò pé ó wà lọ́wọ́ Jésù nígbà tó dìde kàwé nínú sínágọ́gù?" Ohùn rẹ̀ kò le; bó ṣe máa ń bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ náà ni. "Ṣé Mátíù ni? Wọn ò tí ì kọ Mátíù. Nígbà tó ń kú lọ, orin Dáfídì ló fi ké. Àwọn tó ń sọ fáyé pé òun ni Mèsáyà, inú ìwé wo ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yẹn? Bí ẹ bá gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, Kessner, ọkùnrin kan tí wọ́n kàn mọ́gi ló máa kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ ò ní mọ ẹni tó rán an. Ẹ ò ní mọ ohun tó wá ṣe."

"Ìyá Tísà, èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́."

"Mo mọ̀. Irin lẹ kàn gbé dání."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Pákó tí lẹ́tà náà wà lára rẹ̀ kò ju àwo oúnjẹ lọ ní fífẹ̀. Baba ńlá rẹ̀ ti gbẹ́ ẹ lọ́tọ̀ kí ó tó fi há àárín oòrùn. Ó jáde lódindi, bí eyín ọmọdé tó ti mì tán. Ihò dúdú kan ló kù síbi tó ti wà.

Ìyá Tísà na ọ̀pá rẹ̀ sí pákó ọwọ́ Kessner. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ fún mi. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, èmi fẹ́ ẹ."

Kessner wo ẹnu ọ̀nà kí ó tó fèsì. "Ẹ wá gbà á lọ́la. Ní ilé iṣẹ́."

Tọkàntọkàn ló fi ṣe ìlérí náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi rí àwáwí kankan fún ara rẹ̀ títí ó fi kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni Hübner yọjú. Òun ló ń pín lẹ́tà nílùú, báàjì ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba kì í sì í kúrò láyà rẹ̀. "Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ ti fá irùngbọ̀n Mósè! Irùngbọ̀n náà dà, ẹ jẹ́ ká rí i." Ojú rẹ̀ ń rìn káàkiri ilé iṣẹ́ bó ṣe ń ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Pákó náà wà lórí tábìlì, lábẹ́ àkísà kan. Kò pẹ́ tí etí àkísà yẹn á fi mú ojú rẹ̀.

Kessner ṣí ààrò tó fi ń yọ́ àtè ìlẹ̀ pákó, ó fa pákó náà jáde, ó sì tì í sínú iná. "Òun nìyí."

Hübner gbá a léjìká. "Ènìyàn gidi." Ó kó lẹ́tà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Igi líńdẹ̀n kì í pẹ́ jó. Kessner dúró níwájú ààrò, ó ń wò ó bí wúrà ojú rẹ̀ ṣe ń ká kò bí ewé.

Lọ́jọ́ kejì Ìyá Tísà dé, ó mú aṣọ funfun kan tó ti lọ̀ dání láti fi wé e. Kessner kò jẹ́ kí ojú wọn pàdé. Ó ní, "Pásítọ̀ ti mú un lọ."

Obìnrin náà wo ẹnu ààrò. Wúrà díẹ̀ ń dán nínú eérú tí kò tí ì kó dà nù. Ó ká aṣọ funfun náà sí mẹ́rin, ó dá a padà sínú àpò rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí, ó sì jáde.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n gbé e fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ pé Jésù kì í ṣe Júù rárá. Wọ́n gba rédíò rẹ̀. Wọ́n ní kó rán ìràwọ̀ ofeefee tó jẹ́ àmì Júù mọ́ aṣọ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ìwé kan jáde lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ Júù lára, ìbáà ṣèrìbọmi, kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ìyá Tísà wá lọ́jọ́ ìsinmi yẹn, ó ka ìwé náà, ó tún un kà, ó sì dúró síta nínú yìnyín títí wọ́n fi kọ orin ìkẹyìn. Gbogbo wọn ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn kan tilẹ̀ mi orí kí i. Kessner kò mi orí. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ló ń wò.

Ottilie ló ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé búrẹ́dì àti mílíìkì lọ fún un, nítorí pé kò sí ilé ìtajà tó fẹ́ dá a lóhùn mọ́. Nígbà tó yá, Hübner fi lẹ́tà kan lé Kessner lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó yín fẹ́ràn ìrìn ẹ̀yìnkùlé o." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Kessner sọ fún Ottilie pé, "Ìyá Lore, ó tó."

"Ó tó kí ni?"

"Kí ẹ má lọ mọ́. Wọ́n ti rí yín."

Ottilie ń nu àwo. Ó ń nu àwo kan ṣoṣo náà fún ìgbà pípẹ́. Kessner gbà pé ó ti gbọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1942, wọ́n kọ̀wé sí Ìyá Tísà pé kó wá sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé àpótí náà wá sí ilé iṣẹ́ Kessner. Ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti wọbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ti rù, ẹ̀wù rẹ̀ ń mì lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

"Ọ̀gá Kessner, ọwọ́ àpótí yìí ti fẹ́ já. Mi ò fẹ́ kó já mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà."

"Ẹ jókòó, Ìyá Tísà. Kò ní pẹ́."

Ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó pẹ́. Ó yọ ọwọ́ àtijọ́ náà kúrò, ó gé awọ tuntun, awọ tó dára jù tó ní, ó fi ìṣó bàbà kàn án ní ojú mẹ́fà níbi tí méjì ti tó. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń to ọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé, èmi ni mo jó o. Ó fẹ́ sọ pé, mo purọ́ fún yín. Ó fẹ́ sọ pé, ẹ ka orin Dáfídì fún ọmọ mi títí ó fi kú, ẹ wo ohun tí mo fi san án fún yín. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Ó tò wọ́n, wọ́n sì pé. Ó gbé àpótí náà fún un, ó la ẹnu.

"Ó ti le dáadáa báyìí," ló jáde. "Kò ní já mọ́."

Ìyá Tísà gbé e sókè wò. "Ẹ ṣeun. Ọwọ́ yín dára, Kessner. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ọwọ́ yín dára."

Ó lọ. Ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sí ìlà-oòrùn. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n tó gbọ́ pé kò rí òpin ọdún yẹn.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà gba ìlú, Bollmann ti kó lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ó sì rí ìjọ mìíràn níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni Pásítọ̀ Lüders, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun dé. Kò pẹ́ tó fi wá bá Kessner, tó ti di arúgbó ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Ó ya lẹ́tà mẹ́rin sórí ìwé dání.

"Bàbá Kessner, a fẹ́ kí ẹ dá orúkọ náà padà sáyè rẹ̀."

"Mi ò lè ṣe é."

"Ṣé ọwọ́ ń gbọ̀n ni?"

"Ọwọ́ ò gbọ̀n."

Pásítọ̀ fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, kò sì fi ọ̀ràn náà ni í lára. Nígbà tí Ottilie rí i, ó ní, "Ẹni tó bà á jẹ́ ni kó tún un ṣe." Ó jókòó síwájú rẹ̀. "Bàbá Lore, ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín. Búrẹ́dì yẹn, mi ò dá a dúró."

"Búrẹ́dì wo?"

"Ti Ìyá Tísà. Mo ń lọ títí di ọjọ́ tó lọ. Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí búrẹ́dì ò tó wa. Ohun tó dé nìyẹn."

Kessner rò pé inú á bí òun, ṣùgbọ́n kò rí ìbínú kankan nínú ara rẹ̀. Ojú ló ń tì í. Níkẹyìn ó béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Ṣé ó sọ̀rọ̀ mi rí?"

Ottilie lè purọ́. Ó rò ó wò. "Rárá. Ó máa ń béèrè ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí. Ó máa ń sọ̀rọ̀ Lore. Kò dárúkọ yín rí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Kessner fi gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ ìsinmi tí wọ́n dá a padà sínú oòrùn, Pásítọ̀ Lüders ka ìwé wòlíì lórí pẹpẹ, ohun tí wọn ò gbọ́ níbẹ̀ láti ọdún méje. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin nígbà tí Kessner dìde láyè rẹ̀, ó di ẹ̀yìn àga iwájú mú.

"Ẹ má yìn mí," ló wí. "Èmi ni mo yọ ọ́. Mo ṣèlérí rẹ̀ fún Henriette Sachse, mo sì jó o níná. Mo purọ́ fún un. Mo ní kí ìyàwó mi má fún un lóúnjẹ mọ́. Ó sọ fún mi ohun tó máa kù bí a bá gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò. Àwa nìyí. Àwa la kù."

Ó jókòó. Ẹnìkan wúkọ́. Hübner, tí báàjì ò sí láyà rẹ̀ mọ́ báyìí, tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Lóde, ìyàwó Hübner dá Kessner dúró.

"Kí lẹ fẹ́ ká ṣe báyìí? Gbogbo wa la wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Kessner wí. "Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn."

Ó di ọdún tuntun kí obìnrin náà tó tún kí i.

Ní ìgbà òtútù yẹn ni Kessner lọ bá Pásítọ̀ pé kó kọ́ òun láti ka èdè Hébérù. Pásítọ̀ rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ní gbogbo Ọjọ́rú, ó máa ń gbé àpótí ìjókòó kékeré kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn lọ sí yàrá ìwé Pásítọ̀, kó lè jókòó sún mọ́ iná, á sì máa pe lẹ́tà láti ọ̀tún wá sí òsì, ìka rẹ̀ tó ti yi ń tẹ̀lé e. Láàárín ẹ̀kọ́, Pásítọ̀ a máa fi nǹkan hàn án nínú Bíbélì Jámánì. Èyí tí Kessner ti mọ̀ sórí láti kékeré bí ọ̀rọ̀ Jésù, pé kí ènìyàn fẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ bí ara rẹ̀, inú ìwé Léfítíkù ló wà. Èyí tó fi dá Sátánì lóhùn nínú aginjù, láti inú ìwé Mósè ló ti mú un. Bí wọ́n bá kan irú rẹ̀, inú Kessner á kọ́kọ́ dùn, bí ìgbà tí ènìyàn rí ìpìlẹ̀ ilé tó ti ń gbé láti ọjọ́ yìí wá. Lẹ́yìn náà ni yóò rántí pé ẹnìkan ti wà nílùú yìí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó mọ ìpìlẹ̀ náà yàrá dé yàrá, tí ìbá sì ti fi ayọ̀ mú un káàkiri rẹ̀.

"Ìyá Tísà ti sọ èyí fún mi," ló máa ń wí, á sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

Nígbà ìrúwé, ó ti lè ka ìtàn ìṣẹ̀dá díẹ̀díẹ̀, ó sì dé orí kẹrin, ibi tí Ọlọ́run ti bi Káínì léèrè ibi tí arákùnrin rẹ̀ tó pa wà. Ó ka ìbéèrè náà tán, ó pa ìwé dé. Ó ní kí Pásítọ̀ jẹ́ kí àwọn padà sí ìbẹ̀rẹ̀, sí ibi ìmọ́lẹ̀ àti omi. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ṣe é lọ́sẹ̀ kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Pásítọ̀ Lüders ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ìwé. Ó kàn ṣí ìwé náà sí orí kẹrin, ó sì dúró dè é. Kessner jókòó bẹ́ẹ̀ títí iná fi ń kú lọ. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka sí abẹ́ ìlà ìbéèrè náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.